Kó tó sáré, kó kọ́kọ́ lè dúró: ọkọ̀ eré àtijọ́ lójú ọ̀nà Kàbbà

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ̀, kò sí ìlú tí ẹ ò ní í ti rí i lábẹ́ igi máńgòrò: Pijó 504 tí bàbá kan gbé sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tàbí Bẹ́ǹsì V-boot tó wálé ọdún Kérésì tí kò sì padà mọ́. Ewé ti bo òrùlé rẹ̀, adìyẹ ti yé sẹ́yìn táyà. Ẹlòmíì á wò ó, irin tí wọ́n máa gbé sórí òṣùwọ̀n ló máa rí. Ẹlòmíì á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á yọjú wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà, etí rẹ̀ á sì ti máa gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe máa dún lórí òkè. Ẹni kejì yìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Owó tí ẹ bá máa kọ́ ná sórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má ná an sórí agbára. Bíréèkì ló ni ín, omi ló tẹ̀ lé e, táyà ló ṣe ìkẹta. Ọkọ̀ tó ń ké bíi kìnnìún tí kò lè dúró lẹ́yìn tírélà sìmẹ́ńtì tó ń ti Ọ̀bàjànà bọ̀, ẹ jẹ́ kó wà lábẹ́ máńgòrò.

Àwọn kan á rẹ́rìn-ín pé ṣé 504 náà ni ọkọ̀ eré. Ní 1975, ọdún kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó ní Kàdúná, 504 ló gba ìdíje Safari Rally ní Kenya, Ove Andersson ló wà á. Ní 1978 ó tún gbà á, Jean-Pierre Nicolas ló wà á nígbà yẹn, kúpéè oní V6 ni. Ìdíje Safari, eruku àti kòtò ni, kì í ṣe ọ̀dà dídán. Ọkọ̀ tó borí níbẹ̀, ó yẹ kó mọ ọ̀nà tiwa náà.

Ní ti àwọn tó lórúkọ ńlá, ẹ ṣọ́ra, báàjì ò wọ́n lọ́jà. BMW E30, ẹ̀yà 3 Series àtijọ́ kan, tí wọ́n lẹ M3 mọ́ lẹ́yìn, ẹ ka nọ́ọ̀tì táyà rẹ̀. M3 gidi, tó jáde ní 1986, nọ́ọ̀tì 5 ló ní lórí táyà kọ̀ọ̀kan. E30 yòókù, 4 ni. Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀: sílíńdà 4 ló yẹ kí ẹ bá, kì í ṣe 6, ìyẹn sì máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Bẹ́ǹsì 190E 2.3-16, èyí tí Cosworth bá wọn ṣe orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tó bá jẹ́ gíá ọlọ́wọ́, gíá kìíní wà lápá òsì nísàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ mìíràn ń fi kejì sí. V-boot tí wọ́n kọ 500E sí, V8 lítà 5 ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, etí tó bo táyà rẹ̀ sì wú síta ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Tí ẹ bá bá sílíńdà 4 níbẹ̀, báàjì ni ẹ ń rà.

Ẹ má fi ìyẹn ba ara yín lọ́kàn jẹ́. 230E, 300E oní sílíńdà 6, BMW 318i àti 320i, 504 oní 1971 cc, àwọn wọ̀nyí ló wà nílẹ̀, mẹ́káníìkì mọ̀ wọ́n, táyà ẹ̀yìn ló sì ń ti gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni adùn wọn wà: táyà iwájú ń darí, tẹ̀yìn ń ti, sítíárìn kì í jà mọ́ni lọ́wọ́.

Ọkọ̀ tó ti jókòó ju ọdún kan lọ, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ẹ́ńjìnnì tó ṣì dára. Kí ẹ tó fi ọwọ́ bọ ibikíbi, ẹ fi igi lu ara rẹ̀ káàkiri. Ejò fẹ́ràn ibi tó gbẹ tó sì ṣókùnkùn, kò sì sí ibi tó gbẹ tó inú bónẹ́ẹ̀tì nígbà òjò. Ẹ wo inú ilé fílítà afẹ́fẹ́ bóyá eku ti tẹ́ ibùsùn síbẹ̀. Ẹ fi wáyà gígùn yẹ ẹnu sílénsà wò, agbọ́n a máa fi amọ̀ dí i pa.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú púlọ́ọ̀gì gbogbo. Ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣíbí ìjẹun kan sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀la, ẹ fi sípánà gbá nọ́ọ̀tì iwájú kírànkì mú, kí ẹ fọwọ́ yí i ní ìyípo méjì gbáko. Tó bá ta kú, ẹ má fi agbára ṣe é. Ẹ tún da ọ́ìlì sí i, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì sí i. Ríìnì tó ti lẹ̀ mọ́ sílíńdà, sùúrù ló ń tú u. Sítátà á kàn ṣẹ́ ẹ ni.

Epo tó wà nínú táǹkì ti bàjẹ́, ẹ má ṣe ìyè méjì. Bẹntiróò tó ti pẹ́ máa ń rùn bíi fáníìṣì, ó sì máa ń fi oje tó lẹ̀ sílẹ̀ nínú kabúrétọ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ tán, ẹ sọ táǹkì kalẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Tí ìpẹtà bá ń ya bí ìpẹ́ ẹja, táǹkì mìíràn ló kù. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo, torí rọ́bà tó ti gbẹ lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, iná ló ń dúró dè. Ẹ fi fílítà tuntun sí i, kí ẹ sì tún pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn kìlómítà 100, torí ìdọ̀tí tó kù máa wá síbẹ̀.

Ẹ yí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì padà kí ẹ tó tan án, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí púlọ́ọ̀gì ṣì wà níta, ẹ yọ wáyà kọ́ìlì, kí ẹ wá fi sítátà yí i ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, títí iná pupa ọ́ìlì á fi kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìgbà yẹn ni ọ́ìlì ti gòkè. Ẹ wá dá púlọ́ọ̀gì padà.

Tó bá tàn, tí gíá kò sì wọlé, ẹ má tíì pe ẹni tó ń ṣe gíá. Pélébé kílọ́ọ̀ṣì ló ti lẹ̀ mọ́ irin látàrí òtútù òjò. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ pa á, ẹ fi sí gíá kìíní ní pápá tó ṣófo, kí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì tan án bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ á máa lọ. Ẹ máa tẹ epo, ẹ máa fi sílẹ̀, tẹ-fi-tẹ-fi, á já. Pápá ni mo wí, kì í ṣe àgbàlá tí àwọn ọmọdé wà.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí 504 díẹ̀, torí òun ló pọ̀ jù nílẹ̀ wa, òun náà ni wọ́n sì ń ṣì tún ṣe jù.

Fáàfù rẹ̀: àárọ̀ ni ẹ máa ṣe é, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Èyí tó ń gba epo wọlé, àlàfo rẹ̀ ni 0.10 mm; èyí tó ń tú èéfín jáde, 0.25 mm. Ètò ìjóná rẹ̀ ni 1-3-4-2, sílíńdà 1 sì wà lápá gíá, kì í ṣe lápá rédíétọ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lórí Tòyótà máa ń ṣì í. Nígbà tí fáàfù méjèèjì ti sílíńdà 1 bá ń pàṣípààrọ̀, tí ọ̀kan ń pa bí èkejì ṣe ń ṣí, ti 4 ni ẹ máa ṣe. Ti 3 bá ń pàṣípààrọ̀, ẹ ṣe 2. Ti 4, ẹ ṣe 1. Ti 2, ẹ ṣe 3. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì tó dákẹ́ rọ́rọ́, mẹ́káníìkì á wá fún fáàfù pinpin kí wọ́n lè yìn ín. Fáàfù èéfín tí kò bá pa dáadáa á jóná láàárín oṣù díẹ̀. Èyí tó ń dún tẹ́-tẹ́-tẹ́ díẹ̀ sàn jù ú lọ.

Kọ́ńtáàtì rẹ̀ tó wà nínú dísítíríbútọ̀, àlàfo rẹ̀ ni 0.40 mm. Ẹ ṣe é kí ẹ tó ṣe táímìn, ìyẹn àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń ta iná, torí bí àlàfo yẹn bá yí padà, táímìn náà á yí. Tí kọ́ńtáàtì tuntun bá jóná láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kọńdẹ́ńsà ló ni ẹ̀bi. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ró bí owó ẹyọ nínú agolo nígbà tó ń gun òkè pẹ̀lú gíá kẹrin, táímìn ti yá jù fún epo tí ẹ rà. Ẹ dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí ìró yẹn á fi lọ.

Fáànù rẹ̀ ní ọgbọ́n kan tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé. Mágnẹ́ẹ̀tì oníná ló ń gbá a mú nígbà tí omi bá gbóná, tó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tó bá tutù, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa gbé ẹrù lásán. Nígbà tí wáyà rẹ̀ bá já tàbí tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ bá jẹ tán, ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni pé kí wọ́n dì í pa, kó máa yí lójoojúmọ́. Ọkọ̀ ò ní í gbóná, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ ti fi agbára àti epo ṣòfò, ariwo fáànù á sì bo ohùn ẹ́ńjìnnì tí ẹ torí rẹ̀ rà á. Kábọ́ọ̀nù yẹn ni kí ẹ wò kí ẹnikẹ́ni tó fi sípánà kàn án.

Ohun tó burú jù: sílíńdà rẹ̀ dúró fúnra wọn bí ife nínú omi, rọ́bà tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ ló dì wọ́n nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá ti sọ tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, kalẹ̀ láti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, tí ẹnì kan sì yí kírànkì láìfi irin dì wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n á gbéra. Ẹ ò ní í mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ọ́ìlì á dà bíi tíì oní mílíìkì, wọ́n á ní gásíkẹ́ẹ̀tì ayédèrú ni ẹ rà, ẹ óò sì ra òmíràn. Ẹ dúró tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sọ tọ́ọ̀pù 504 kalẹ̀. Jókòó sórí àga, má sọ̀rọ̀ púpọ̀, sáà máa wo ọwọ́ wọn.

Ní ìgbà ooru, nǹkan bí oṣù Kẹta, ó lè kọ̀ láti tàn lẹ́yìn tí ẹ bá pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jà. Epo ló hó nínú kabúrétọ̀. Ẹ má máa fẹsẹ̀ pọ́ǹpù epo. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ dì í mú, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀rọ̀ omi kan gbogbo ọkọ̀ wọ̀nyí, BMW E36, ẹ̀yà tó tẹ̀ lé E30, ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ọrùn rédíétọ̀ rẹ̀, ike ni. Ilé tẹ́mósítáàtì rẹ̀, ike. Abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù omi rẹ̀, ike ni lára ọ̀pọ̀ wọn. Ike àti ooru kì í bára wọn dalẹ́. Ẹ pààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú rọ́bà wọn, kí ẹ tó fi ọkọ̀ náà dé Lọ́kọ́jà. Orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, alumíníọ̀mù ni, ìgbà kan tó bá gbóná jù ti tó láti ká a. Ẹ má sì fi ọkàn tán gééjì: ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúró sáàárín gbọnyin, nígbà tó bá fi máa kúrò níbẹ̀, omi ti hó. Bó bá ṣe yẹ̀ báyìí, ẹ pa ọkọ̀, ì báà jẹ́ àárín ìgbẹ́.

Tí ẹ bá ń da omi sí i, ẹ gbé imú ọkọ̀ sókè, ẹ fi hítà sí ibi gbígbóná jù, ẹ tú síkúrù kékeré tó wà lẹ́bàá ìdérí, kí ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀ títí omi tí kò ní ìfófó á fi máa jáde níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá há sínú ló ń pa E36, wọ́n á wá ní ẹ́ńjìnnì Jámánì ò mọ oòrùn Nàìjíríà.

Omi kànga lásán ń jẹ alumíníọ̀mù. Kúláǹtì ààbọ̀, omi tó mọ́ ààbọ̀, ló tọ́. Ẹ má gbà kí wọ́n yọ tẹ́mósítáàtì dànù. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó ń jẹ epo, ọ́ìlì rẹ̀ kì í gbẹ omi inú rẹ̀ kúrò, ríìnì á sì tètè jẹ. Ata gígún, ẹyin àti álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ tó ń jò, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ọbẹ̀.

Fún BMW tó ń lo bẹ́líìtì táímìn, èyí tó ń mú fáàfù ṣí kó sì pa lásìkò, bíi 320i àti 325i E30, ọdún 4 tàbí 5 ni, bó sáré bó jókòó. Bẹ́líìtì tó já, fáàfù àti písítìnì á pàdé. Ẹni tó tà á fún yín á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ǹsì ní tiẹ̀ kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ẹni tó ń gbọ́ ọ ni kò mọ èdè rẹ̀. 230E àti 300E ń lo KE-Jetronic, ètò tó ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì, tí epo inú rẹ̀ ń lọ ní agbára tó ju bar 5 lọ. Omi tàbí iyanrìn láti inú gálọ́ọ̀nù àwọn tó ń ta epo lẹ́bàá títì á ba ilé ìpín-epo rẹ̀ jẹ́, owó rẹ̀ sì le. Fílítà epo ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, lẹ́yìn ọkọ̀ nísàlẹ̀ ló wà. Tí iná ABS (ti bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ẹ́ńjìnnì sì ń gbọ̀n nígbà tó dúró, wọ́n á fẹ́ yí síkúrù epo tí kọ́kọ́rọ́ 3 mm ń wọ̀. Ẹ dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Lẹ́yìn bátìrì, rílé kan wà níbẹ̀ tó ní fíúsì lórí, tó ń dáàbò bo ọkọ̀ lọ́wọ́ iná tó pọ̀ jù. Lẹ́ẹ̀dù inú rẹ̀ máa ń sán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí oníwáyà tún un jó, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Síkúrù 3 mm yẹn, bí wọ́n bá ti yí i láìní irin-ìwọ̀n, ọkọ̀ náà ò ní í gbọ́ràn mọ́.

Bíréèkì wàyí. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun kì í hó títí dé ó kéré tán 230°C. Tó bá ti mu omi, ó lè hó ní 155°C. DOT 3 kéré sí i, 205 àti 140. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá, ó máa hó, ẹsẹ̀ yín á sì lọ sílẹ̀ bí ẹni tẹ fùlùfúlù. Ẹ fi gíá kejì sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde lọ́dún méjì méjì, láti orí táyà tó jìnnà sí másítà jù lọ, títí èyí tó mọ́ á fi jáde. Rọ́bà bíréèkì àtijọ́ a máa wú láti inú: bíréèkì á mú, kò sì ní í tú. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Kò wọ́n tó pósí.

Táyà, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ọ̀rọ̀ DOT tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ dúdú kirikiri lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi epo pa lára. Tó bá ti ju ọdún mẹ́fà lọ, kò yẹ ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ sá. V-boot, 195/65 R15, kí lẹ́tà tó kẹ́yìn jẹ́ H tàbí V: H dé 210 kìlómítà ní wákàtí, V dé 240. Kì í ṣe torí kí ẹ lè sá 210 o. Àádọ́ta ni òfin fún wa láàárín ìlú, ọgọ́rùn-ún lórí ọ̀nà márosẹ̀. Torí ooru ni: táyà tó lè fara da 210 kì í tètè bẹ́ ní 100 nínú oòrùn ọ̀sán.

Ẹ má gé sípíríìnì láti mú ọkọ̀ wálẹ̀. Ó lẹ́wà nínú fọ́tò, mo gbà, ṣùgbọ́n pan ọ́ìlì V-boot ló máa kọ́kọ́ kí kòtò. Ṣọ́ọ̀kì tuntun àti búùṣì tuntun nìkan máa yí ọkọ̀ padà ju ohunkóhun tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Bákan náà, fílítà afẹ́fẹ́ olórí ṣóńṣó tí kò ní ilé, ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná inú bónẹ́ẹ̀tì ló ń fà, nígbà ọyẹ́ ó sì tún ń fa eruku tó ń lọ ríìnì bíi yánrin. Fílítà onípépà, ẹ fọn ọ́n lọ́sẹ̀ méjì méjì nígbà ọyẹ́, láti inú síta.

Agbára ńkọ́? Kí ẹ tó ra nǹkan kan, ẹ wọn kọnpíréṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Tí sílíńdà kan bá fi psi 30 kéré sí àwọn yòókù, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kan sí i kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá lọ sókè, ríìnì ni. Tí kò bá yí padà, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní aláìlágbára, agbára tó ti sọnù ni wọn ò tíì wá padà.

Ìrìn àkọ́kọ́, mo fẹ́ràn ọ̀nà oníkọnkéré Ọ̀bàjànà sí Kàbbà, kìlómítà 43, torí ó le, ó sì tẹ́jú, gbogbo ìró tuntun máa hàn lórí rẹ̀. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, kí tírélà tó pọ̀. Ẹ má kọjá 80. Bí ẹ bá dé, ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ àárín táyà kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bíréèkì rẹ̀ kò tú tàbí béárìn rẹ̀ ń kú. Ẹ tún fún nọ́ọ̀tì táyà. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì di àárọ̀ kí ẹ mọ ohun tó ń kán. Tó bá ti tutù, ẹ tú púlọ́ọ̀gì. Tó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, ó dára. Tó bá dúdú tó sì gbẹ, epo pọ̀ jù. Tó bá dúdú tó sì ń yọ̀, ọ́ìlì ń kọjá. Tó bá funfun bí ẹfun, epo kéré, sílíńdà ti ń gbóná jù, ẹ ò sì gbọdọ̀ tẹ ọkọ̀ yẹn kọjá 80 títí ẹ fi máa rí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé.